Ìtàkùn Tí Ó Yẹ Igi Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú ní Kàbà)



Iṣẹ́ tí Ẹgbẹ́ rán mi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a lè ṣe sí àwọn igi ńlá tí ó ṣẹ́kù ní oko àti ní àyíká ilé wa, kí wọ́n má baà tán lójú wa. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ tí a fi ń gé igi kò sinmi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń sun èédú kò dá igi kan sí. Èmi kò gbà pé ìbáwí nìkan ni yóò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Igi tí kò mú nǹkan wọlé fún ẹni tí ó ni ín ni a ń tà fún alápákó. Nítorí náà, ìtàkùn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: irú ìtàkùn tí ó yẹ kí a yàn, kí ó gun igi wa, kí ó máa pa owó lórí rẹ̀, kí igi náà má sì kú.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń ṣe irú àṣàyàn yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti mú òdòdó róòsì, irú èyí tí ń ta bí okùn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó gun igi ápù tí ó ti gbó. Ní 1938, obìnrin kan tí ń jẹ́ Heather Muir gbin ọ̀kan sí ọgbà rẹ̀ ní Kiftsgate Court, ní ilẹ̀ Gloucestershire. Ní 1951, Graham Thomas fi orúkọ ọgbà náà sọ ọ́. Róòsì yìí tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́gbà fi máa ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìn ín sí ìdí igi kékeré, nítorí ìwúwo rẹ̀ lè wó igi náà lulẹ̀. Ìkìlọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí a yá lọ́wọ́ wọn. Ní ti òdòdó fúnra rẹ̀, ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi se ọbẹ̀.

Gbogbo ohun tí ń gun igi kò jọra. Àfòmọ́ ń gbé orí igi, ṣùgbọ́n ó ń fi gbòǹgbò rẹ̀ gún ẹ̀ka, ó sì ń mu omi ara igi. Ẹ bi àwọn olóko kọfí àti obì léèrè ohun tí ojú wọn ti rí. Irú igi ọdán kan wà pẹ̀lú, tí ẹyẹ ń su hóró rẹ̀ sórí ọ̀pẹ. A ta gbòǹgbò wálẹ̀, a wé mọ́ ọ̀pẹ, kò sì ní tú u sílẹ̀ títí yóò fi fún un pa. Wèrèpè kò pa igi, ṣùgbọ́n ta ni yóò gun igi tí wèrèpè bò? Ní ti isu, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń fi igi oko ṣe ọ̀pá fún un, ṣùgbọ́n iná ni a kọ́kọ́ ń dá sí ìdí igi náà kí ewé rẹ̀ lè wọ́, kí oòrùn lè kan isu, igi tí a bá sì ti sun báyìí kì í pẹ́ kí ó tó ṣubú. Kànrìnkàn ayaba dára fún igi kékeré ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ ọdún kan péré ni tirẹ̀.

Ìtàkùn tí èmi yàn ni ìyèré. Kò sí ìyá kan nínú ìjókòó yìí tí kò mọ̀ ọ́n: ata dúdú wẹ́wẹ́ tí a ń lọ̀ sí ọbẹ̀ obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyèré a máa yọ gbòǹgbò kéékèèké ní oríkèé rẹ̀, òun ni ó fi ń di èèpo igi mú. Kò wọ inú igi, kò sì jí oúnjẹ rẹ̀ jẹ. Inú ilẹ̀ ni oúnjẹ tirẹ̀ ti ń wá. Ó lè ga ju 30 ẹsẹ̀ bàtà lọ, síbẹ̀ okùn rẹ̀ kò wúwo tó ohun tí igi tí ó gbó dáadáa kò lè gbà. Abẹ́ òjìji ni ó ti ń gbádùn ara rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti sun igi nítorí rẹ̀. Bí igi bá kú, òun náà ń kú lọ nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé àjèjì ni ata yìí lọ́jà ayé. Ní 1486 ni João Afonso de Aveiro, ará Pọtogí, mú un láti Bìní lọ fún ọba rẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ọjà Flanders. Ata onírù ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀pá tín-ín-rín tí ó wà ní ìdí hóró kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí Vasco da Gama gba ojú òkun dé Índíà ní 1498, ọba Pọtogí fẹ́ kí ata Índíà nìkan máa tà, ó sì dá òwò ti Bìní dúró. Síbẹ̀, ní 1553, ọkọ̀ Thomas Wyndham láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún wá ra ata ní Bìní. Àìsàn pa Wyndham àti púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò gbin ata dúdú ti Índíà fúnra rẹ̀. Ó dára, mo sì ti rí ẹni tí ó gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò etí òkun Malabar níbi tí ó ti wá pọ̀ ju tiwa lọ jìnnà. Ẹ̀ẹ̀rùn wa gùn, ọyẹ́ wa sì mú. Ẹni tí kò bá lè pọn omi sí ìdí rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, kí ó fi í sílẹ̀. Ìyèré jẹ́ ọmọ igbó wa. Bí a bá gbìn ín sí àfonífojì, sí etí odò, tàbí sára igi tí ń ṣíji bo kọfí ní apá Ìyamoyè, yóò ṣe é.

Ohun tí ó ń dùn mí ni bí a ti ń ká a lónìí. Ẹni tí ó bá rí ìyèré ní òkè igi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, a fa okùn náà já, tàbí kí ó gé igi lulẹ̀. Ó ká èso ọdún kan, ó sì fi ti ọ̀pọ̀ ọdún ṣòfò. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, ọmọ wa yóò máa ra ìyèré lọ́wọ́ ará ibòmíràn láti fi se ọbẹ̀ aya rẹ̀.

Ẹni tí yóò gbìn ín, kí ó kọ́kọ́ wo igi rẹ̀. Igi tí èèpo rẹ̀ rí ṣákiṣàki, tí kì í wọ́wé tán, ni kí ó yàn: obì, òro, máńgòrò. Gúáfà kò dára, nítorí èèpo rẹ̀ ń bó, ìyèré kò sì ní rí ibi dì mú. Tíìkì àti mẹ̀láìnà ń wọ́wé nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an nígbà tí ìyèré nílò òjìji jù lọ. Ẹni tí kò ní igi rárá lè ri ọ̀pá akòko mọ́lẹ̀, yóò hù. Kí ó gé okùn olóríkèé mẹ́rin láti ara ìyèré tí òun fi ojú ara rẹ̀ rí èso lórí rẹ̀, nítorí òmíràn wà tí kì í so rárá. Ẹ̀ka tí ń gun òkè ni kí ó gé, kì í ṣe èyí tí ó yà sí ẹ̀gbẹ́. Kí ó rì í sínú ilẹ̀ ọlọ́ràá lábẹ́ òjìji títí yóò fi ta gbòǹgbò. Nígbà tí òjò bá sì rọ̀ délẹ̀, kí ó lọ́ ọ sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ìdí igi, kí ó fi ọ̀pá tí ó dagun darí rẹ̀. Nígbà tí ó bá ga dé ibi tí àkàsọ̀ lè dé, kí ó máa rẹ́ orí rẹ̀. Bí hóró bíi mélòó kan bá ti pọ́n lórí ṣírí, ó tó ká. Oòrùn ni yóò sọ ọ́ di dúdú.

Ó ku ọ̀ràn kan, òun ni ó sì le jù. Ta ni ó ni ìtàkùn tí ẹnìkan gbìn sára igi ẹlòmíràn? Nílẹ̀ wa, ẹni tí a fún ní ilẹ̀ láti fi dáko kò láṣẹ láti gbin igi tí yóò pẹ́ nílẹ̀, kí ó má baà di olúwa ilẹ̀. Ìyèré kì í ṣe igi, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí yóò fẹ́ gbìn ín ni ìyàwó ilé, ara igi obì ìdílé ọkọ ni wọn yóò sì gbìn ín sí. Bí ọkọ bá kú ńkọ́? Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó gbin ìtàkùn ni yóò máa ká èso rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹni tí ó ni igi kò sì gbọdọ̀ gé e láìsọ fún un ní ọdún kan ṣáájú. Kí a sọ ọ́ níwájú olórí ẹbí kí a tó gbẹ́ ihò, kì í ṣe lẹ́yìn tí èso bá ti pọ́n. Mo bẹ Ẹgbẹ́ kí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú àwọn ìjòyè kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dé.

Mo ti gé okùn díẹ̀ wá. Wọ́n wà nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, mẹ́ta-mẹ́ta ni fún ilé kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ìyá wa kọ́kọ́ mú tiwọn.