KỌ́KỌ́RỌ́ FÓÒNÙ YÍN, Ọ̀DỌ̀ YÍN NI KÓ WÀ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwé kíkà ní Ofè, ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín kí ẹ tó wá sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Nítorí náà, n kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ń jiyàn lé e lórí. Ní ọjọ́ ọjà, bí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sábẹ́ igi, tí ẹnì kan yọ fóònù tuntun lápò, ìjà ẹnu dé nìyẹn. Ẹnì kan á ní fóònù ńlá tí a ń fi ìka pa lójú ló dára jù. Èkejì á ní ó tì o, kékeré onítọ́ọ̀ṣì ti òun ló dára. Ẹ̀kẹta á ní: "Èyí tí mo rà lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ó ti ń rìn bí ìgbín."

Ta ló jàre nínú wọn? Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò.

FÓÒNÙ KÉKERÉ ÀTI FÓÒNÙ ŃLÁ

Ní ọdún 2003, ilé iṣẹ́ Nokia gbé fóònù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní 1100. Kò lè ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, iná rẹ̀ ń pẹ́, eruku kì í sì tètè bà á jẹ́. Irú rẹ̀ tí wọ́n tà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 250. Kí ló fà á? Ó bá ìgbé ayé àwa ará oko mu.

Fóònù kékeré ṣì wúlò títí di òní. Níbi tí a ti ń sanwó kí wọ́n tó bá wa fi iná oòrùn sí fóònù, èyí tí iná rẹ̀ lè lo ọjọ́ mẹ́ta sàn ju èyí tó ń kú kí ilẹ̀ tó ṣú. A lè fi pe ènìyàn. A lè fi gba owó kajú, a sì lè fi san gbèsè.

Fóònù ńlá náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ yín tó wà ní Kútọnu lè rí ojú yín nínú rẹ̀. Bí àrùn bá mú ewé ẹ̀gẹ́, ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná, ó sì ń jẹ mẹ́gà. Owó sì ni mẹ́gà. Ẹ ó rántí pé ní ọdún 2018, ìjọba fẹ́ máa gba fránkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò fún Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Àwọn ará ìlú pariwo. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba fagi lé e.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra fóònù, ẹ bi ara yín léèrè: Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Bí ẹ bá ti mọ èyí, iyàn ti parí.

KÍ LÓ Ń MÚ FÓÒNÙ LỌ́RA?

Ẹ jẹ́ ká fi ilé àgbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Nínú fóònù, àyè méjì ló wà. Àyè kìíní ni ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí: fọ́tò, fídíò, orin, àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ pe èyí ní àká. Àyè kejì ni ibi tó ti ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Ẹ pe èyí ní ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ láti ṣa ẹ̀wà lórí rẹ̀.

Bí àká bá kún dé ẹnu ọ̀nà, ibo la ó gbà wọlé? Bí ẹní bá kéré, tí a da ẹ̀wà, àgbàdo àti sóyà lé e lórí pọ̀, ọwọ́ á yá bí? Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àwọn akọ̀wé ń gbé kiri, bákan náà ló rí.

Kí ẹ tó sọ pé fóònù ti bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ kó àká. Ẹ pa àwọn fídíò tí kò wúlò rẹ́. Ẹ ti iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe lọ́wọ́. Ẹ pa fóònù náà, kí ẹ sì tún un tàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara rẹ̀ á tún yá.

Ṣùgbọ́n fóònù a máa darúgbó. Bó bá ti gbó jù, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kì í fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i mọ́. Ihò tí a kò dí, ibẹ̀ ni olè ń gbà wọlé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, WhatsApp ṣíwọ́ iṣẹ́ lórí àwọn fóònù Android tó ti pẹ́ gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹnì kan bá fẹ́ ta àlòkù fún yín ní ọ̀pọ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÀBÚRÒ ÌYÁ MI

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ní ọdún 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ M-Pesa ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, kí ènìyàn lè fi fóònù kékeré fi owó ránṣẹ́. Lónìí, ní Benin níbí, MTN, Moov àti Celtiis ń ṣe irú rẹ̀. Fóònù ti di àpò owó. Ẹni tó bá sì ní àpò owó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ.

Àbúrò ìyá mi kan ta kajú. Ẹni tó rà á fi 60,000 fránkì sórí fóònù rẹ̀. Fóònù náà tuntun, kò lẹ́bi kankan. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò mọ̀wé nígbà náà. Bó bá fẹ́ gba owó, á na fóònù sí ọmọkùnrin kan ní àdúgbò, á sì pe kóòdù ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ sókè. Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló ń gbọ́.

Ní ọjọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Ọmọ náà kà á fún un, ó ní: "Ìyá, 25,000 wọlé fún yín." Kò pẹ́, ẹnì kan pè. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í fi ránṣẹ́ sí yín ni. Owó oògùn ọmọ mi ni. Ẹ bá mi dá a padà."

Àánú ṣe ìyá. Ó ní kí ọmọ náà dá a padà kíákíá. Nígbà tí wọ́n wo owó tó kù, kò tó 35,000. Owó kankan kò wọlé. Irọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Nọ́ńbà ẹnì kan lásán ló ti wá. Orúkọ ilé iṣẹ́ owó kò sí lórí rẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yẹn jókòó sílé fún odidi oṣù méjì kí a tó rí owó san.

Ọmọ àdúgbò kò jalè o. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́, kò wo ẹni tó kọ ọ́. Ọdún náà ni àbúrò ìyá mi wọ kíláàsì ìwé kíkà.

BÍ A ṢE Ń ṢỌ́ ÀPÒ YÌÍ

Ní ilẹ̀ wa, wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe irú jìbìtì yìí ní "gayman". Òfin wà fún wọn: òfin 2017-20, ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan sì wà, CNIN, tó ń wá wọn kiri. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mú olè, olè ti ná owó. Ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn wa fúnra wa.

Èkíní: Kóòdù ìkọ̀kọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ yín, ì báà jẹ́ ẹni tó pè yín tó ní láti ilé iṣẹ́ ni òun ti ń pè. Ẹ má fi ọdún ìbí yín ṣe é.

Èkejì: Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Láti 0 dé 9 lẹ kọ́kọ́ kọ́ nínú kíláàsì yìí. Ó tó láti fi ti àpò owó.

Ẹ̀kẹta: Bí wọ́n bá ní owó wọlé, ẹ wo ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tó wà lórí fóònù. Ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ẹ̀kẹrin: Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù Benin ti di 10, pẹ̀lú 01 níwájú. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ kà á bóyá ó pé 10. Ẹ ka orúkọ tó bá jáde.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà 15 á yọ. Orúkọ fóònù yín nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ gbé ìwé náà sílé. Bí olè bá gbé fóònù lọ, ohun tí ẹ ó mú dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn.

Ó ku ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ta ló jàre lábẹ́ igi? Fóònù tó dára ni èyí tí ẹni tó ni ín lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá lè kà á, kékeré rẹ̀ á ṣiṣẹ́ fún un. Ẹni tí kò bá lè kà á, ńlá rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ má fi kíláàsì sílẹ̀ o.

ÌBÉÈRÈ

1. Àyè méjì wo ló wà nínú fóònù? Iṣẹ́ wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe?
2. Kí ló yẹ kí àbúrò ìyá olùsọ̀rọ̀ wò kó tó dá owó padà?
3. Nọ́ńbà fóònù Benin jẹ́ mélòó báyìí? Ẹ kọ tiyín sílẹ̀, kí ẹ kà á.
4. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ kọ nọ́ńbà 15 náà sínú ìwé yín. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni.