Ta Ló Ni Géèmù Yìí?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe géèmù fóònù ní Agbowó, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Lóṣù Kejì ọdún 2014, Asher Vollmer àti Greg Wohlwend gbé géèmù Threes jáde. Ó gbà wọ́n ju ọdún kan lọ. Kò pé oṣù méjì tí géèmù 2048 tó jọ ọ́ fi dé, lọ́fẹ̀ẹ́. Gabriele Cirulli, ọmọ Ítálì, ló fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. 2048 layé wá mọ̀. Ó dùn mí fún àwọn tó kọ́kọ́ ronú.

Ṣé olè ni? Òfin ò pè é bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, kò dáàbò bo èrò lásán. Àwòrán, orin àti kóòdù téèyàn ṣe ló ń dáàbò bò. Lọ́dún 2012, ilé ẹjọ́ kan l'Amẹ́ríkà dá ilé-iṣẹ́ Xio lẹ́bi torí géèmù rẹ̀ jọ géèmù Tetris jù: ìrísí ni wọ́n wò, kì í ṣe ìlànà eré.

Ayò ọlọ́pọ́n ńkọ́? Ihò 12, ọmọ ayò 48. Kò sẹ́ni tó dá a ni; ẹ gbé e sórí fóònù. Àmọ́ ẹ má jí àwòrán ọpọ́n ẹlòmíràn o. Ẹ ya tiyín. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ń tayò, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, lè máa fi òpè ṣẹ̀sín nínú géèmù yín bí wọ́n ti ń ṣe é nídìí ọpọ́n gan-an.