KÍ A TÓ SAN OWÓ SÓLÀ TÁN, KÍ WỌ́N WỌN ILẸ̀ WÒ

 

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, púpọ̀ nínú wa ló ti yá owó ẹgbẹ́ láti fi ra sólà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye páńẹ́lì àti bátìrì la máa ń bèèrè, a kì í bèèrè ẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ẹ̀tì ni wáyà tó so ara inverter, férémù páńẹ́lì àti fírísà mọ́ ọ̀pá bàbà tí wọ́n kàn wọlẹ̀. Bí iná bá jò sí ara irin, ibẹ̀ ló máa gbà lọ, kí bírékà lè tètè já, kó má baà gbé ẹni tó fọwọ́ kan fírísà.

Ilẹ̀ tútù máa ń gba iná dáadáa, yanrìn gbígbẹ kì í gbà á. Ẹ rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, tí Odò Ògùn bo Ajégúnlẹ̀ àti àyíká Mile 12. Nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń fi yanrìn kún ilẹ̀ wọn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yanrìn yẹn á gbẹ, ọ̀pá kúkúrú inú rẹ̀ ò sì ní wúlò mọ́.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí wọ́n kàn án wọlẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀ tútù lábẹ́ yanrìn. Èkejì, bí ọ̀kan ò bá tó, kí wọ́n fi méjì tàbí mẹ́ta kún un, kí wọ́n so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n kí àlàfo àárín wọn má dín sí gígùn ọ̀pá kan. Tí wọ́n bá fún pọ̀, agbára wọn ò ní pé. Ẹ̀kẹta, iyọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń dà sí ihò ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ òjò á ṣàn án lọ, á sì jẹ bàbà. Amọ̀ tí wọ́n ń pè ní bentonite sàn jù ú lọ, torí ó máa ń di omi mú.

Ọ̀rọ̀ wa gan-an rèé: ẹ má san owó tó kù fún oníṣẹ́ títí yóò fi fi mítà ẹ́ẹ̀tì wọn ọ̀pá náà lójú yín. Ohm ni wọ́n fi ń ka bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná: bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Bí kò bá ju 5 lọ, ó dára. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà ọyẹ́, torí òjò máa ń bo àṣírí ilẹ̀ tí kò dáa.

Owó ẹgbẹ́ la fi ń ra nǹkan wọ̀nyí, ọmọ wa ló sì ń ṣí fírísà. Nítorí náà, a rọ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kí wọ́n fi ìwé tí oníṣẹ́ kọ iye náà sí kún fọ́ọ̀mù sólà.

Ẹgbẹ́ wa ò ní tú o.