Coal Camp: Ọ̀rọ̀ Onílé àti Ọ̀rọ̀ Àlejò
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka Enúgu bá àwọn ará wa ní Òkè Ọya sọ)



Mo gbọ́ pé àwọn àgbà kan ń bínú sí àwọn ọmọ tí a bí sí Òkè Ọya, pé àmúlùmálà Yorùbá àti Haúsá ni wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ wá láti Enúgu tí mo ti ń nájà.

Ní 1909 ni wọ́n rí èédú ní ilẹ̀ Údì. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á. Àdúgbò àwọn awakùsà ni a ń pè ní Coal Camp títí di òní.

"Coal" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì jogún. Kohle ni àwọn Jámánì, ìbátan wọn, ń pè é. Ṣùgbọ́n àlejò ni "camp". Ní èdè Látìn ti àwọn ará Róòmù, campus ni pápá tí ó tẹ́jú. Pápá ni ọmọ ogun ti ń jà. Nítorí náà nígbà tí àwọn baba ńlá Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì yá a, ìjà ni wọ́n fi pè. Kampf ni Jámánì ṣì ń pe ìjàkadì. Gẹ̀ẹ́sì gbàgbé ti ìjà, ó tún un yá lọ́dọ̀ Faransé, ó wá di àgọ́. Lẹ́yìn náà ó yá campus gan-an fún ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga. Enúgu ní Coal Camp, Yunifásítì Nàìjíríà sì ní Enugu Campus níbẹ̀: ọmọ ìyá kan náà ni méjèèjì.

Ǹjẹ́ yíyá bu Gẹ̀ẹ́sì kù? Rárá o. Àwa náà yá àlùbọ́sà lọ́dọ̀ Haúsá, a sì ń fi se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Gẹ̀ẹ́sì yá "camp", kò ju "coal" nù. Ewu tiwa ni kí ọmọ mọ èdè ọjà tán, kí ó má mọ bí a ti ń kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀.

Ẹ má lu ọmọ nítorí Haúsá. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n nà nítorí Ígbò lọ́dọ̀ wa. Kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ Yorùbá, dídákẹ́ ni ó dákẹ́. Ẹ fi oríkì jí wọn, ẹ pàlọ́ fún wọn lálẹ́, ẹ bá wọn sọ Yorùbá nínú ilé. Bí onílé bá wà nílé, àlejò kò lè gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.