Kọ́kọ́rọ́ Àṣírí: Níbo Ló Ti Wá?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún, ní Àkúrẹ́)

 

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní póli, n kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Olè ló sọ mí di ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún tí a jáde níléèwé ni mo fi ṣe nọ́ńbà àṣírí káàdì báǹkì mi. Ẹni tó jí i mọ̀ mí dáadáa. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, owó jáde. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ṣe bíi tèmi!

Kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí kò gbọdọ̀ ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú. Òdo àti oókan ló ń tò jọ, bí ìgbà tí a bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní awẹ́ 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256. Kọ́kọ́rọ́ tó ní òdo àti oókan 128 dà bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí a dà nígbà 16.

Báwo la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ rántí iṣẹ́ amúrelé ìṣirò tá a gbà ní Oǹdó: ká ju owó ẹyọ nígbà 100, ká kọ ojú tó bá hàn. Àwa ọ̀lẹ kọ ọ́ látorí. Tíṣà mú wa lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ojú kan náà kò tẹ̀ léra nígbà márùn-ún rí nínú ìwé wa. Ojúlówó kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ti 1994 náà máa ń kà nígbà yẹn: nínú 20,000, oókan ní láti ju 9,654 lọ, kó má sì tó 10,346.

Ṣùgbọ́n kíkà kò tó. Ní 2006, wọ́n yọ ìlà díẹ̀ kúrò nínú ètò OpenSSL tí Debian ń lò. Oṣù Karùn-ún 2008 ni ayé tó gbọ́, nígbà tí Luciano Bello tú àṣírí náà. Irú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 32,768 lọ mọ́. Ẹ ka òdo, ẹ ka oókan inú rẹ̀, ẹ ò ní rí àbùkù kankan. Olè á kàn rọ gbogbo wọn sílẹ̀, á máa dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Akápò wa, ẹ jọ̀ọ́ sà: nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí àpò owó ẹgbẹ́ yìí, ṣé kì í ṣe ọdún tí wọ́n dá iléèwé wa sílẹ̀? Ẹ má dáhùn níhìn-ín o.