Àpá Ara Igi: Títún Igi Ìbọn Lee-Enfield Ṣe Nínú Ilé

 

Nígbà tí mò ń gbé ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ní ìbọn Lee-Enfield kan. Ìbọn náà kò ṣe é yìn mọ́. Wọ́n ti pa á lẹ́nu bí òfin wọn ṣe là á sílẹ̀, ilé ìdánwò ìbọn tó wà ní Birmingham sì ti fún un níwèé ẹ̀rí. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ gbé irú ìbọn yẹn jagun ní Bọ́mà, ìyẹn ni wọ́n ṣe lọ ra ọ̀kan. Igi rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ti ra sáńpépà, wọ́n ti ra fánìṣì tó ń kọ mànà, wọ́n ní kí n wá bá àwọn sọ ọ́ di tuntun. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sáńpépà yẹn kúrò lórí tábìlì.

Ìdí tí mo fi bẹ̀ wọ́n ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ẹ̀ka ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Lee-Enfield ló wà léjìká wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì wà láàárín wọn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà bá lọ sí Bọ́mà nínú yín, irú igi yìí ni bàbá náà dì mú nínú òjò àti ẹrẹ̀ igbó ibẹ̀.

Ìbọn yìí kò ní igi ẹyọ kan ṣoṣo bíi ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Ìdí tí a ń tì mọ́ èjìká wà lọ́tọ̀, igi iwájú tó gbé irin ẹnu ìbọn dání wà lọ́tọ̀, ìbòrí igi sì wà lókè kí irin gbígbóná má baà jó ọwọ́. Mark III tó jáde ní 1907 ni tí bàbá yìí. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé apá ènìyàn kò gùn dọ́gba, nítorí náà wọ́n ṣe ìdí ìbọn ní oríṣiríṣi gígùn, wọ́n sì lu lẹ́tà mọ́ ọn lára: L ni èyí tó gùn, S ni èyí tó kúrú, B ni èyí tó kúrú jùlọ. Wọ́n tún lu nọ́ńbà ìbọn mọ́ abẹ́ igi iwájú kó bá ti irin mu. Ìwé ìtàn ni gbogbo èyí. Sáńpépà ìṣẹ́jú márùn-ún á pa á rẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè kọ ọ́ padà.

Igi walnut ni wọ́n ń lò nígbà tí ara rọ̀. Nígbà tí ogun le, wọ́n lo beech àti birch. Ní Lithgow, ní Australia, coachwood ni wọ́n gbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ walnut yẹn ṣì yín lọ́nà. Awùsá ni wọ́n fi ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa nílé ìwé, bẹ́ẹ̀ igi ẹlòmíràn ni awùsá ń fà gùn, kò ṣe é là sí pákó. Walnut ti òyìnbó jẹ́ igi ńlá, ó lágbára láìwúwo jù, ọ̀rinrin kì í sì í tètè lọ́ ọ. Ẹ ṣáà fi awùsá yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Kí a tó fọwọ́ kan igi, a gbọ́dọ̀ yẹ ìbọn wò pé ó ṣófo, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ti pa lẹ́nu. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, igi iwájú ni a ń kọ́kọ́ tú, kì í ṣe ìdí. Ibí yìí ni mo ti rí ohun tó dùn mí jùlọ nínú iṣẹ́ yìí. Nínú Mark III, bóòtù gígùn kan la inú ìdí ìbọn já, ẹnu rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ó sì wọnú àwo irin kékeré kan tó wà lẹ́yìn igi iwájú, kó má baà yí. Ẹni tí kò mọ̀ á ki irin ìtúbóòtù gba ẹ̀yìn wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Igun mẹ́rin yẹn á yí nínú igi iwájú, igi á sì là. Mo ti di irú igi bẹ́ẹ̀ mú rí. Igi tí ogun kò fọ́, ìwàǹwára ẹnì kan ló là á lórí tábìlì kíṣìnnì.

Dúdú tí a ń rí kì í ṣe àwọ̀ igi. Ọ̀rá irin ni, àti òógùn ọwọ́, àti eruku tó ti lẹ̀ mọ́ òróró ogójì ọdún. Àkísà tí a fi tọ́pẹ́ńtáìnì rẹ ni a fi ń nù ún, a ó nù ún títí àkísà yóò fi ń mọ́ bọ̀. Níbi tí ọ̀rá irin bá ti wọ igi lára, a ó po lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ tọ́pẹ́ńtáìnì, a ó fi lẹ ojú ibẹ̀. Bí ó ṣe ń gbẹ ni yóò máa fa ọ̀rá jáde, gẹ́gẹ́ bí páńdà tí a bù lé ibi tí epo ta sí lára aṣọ. Yóò yí padà di bíi àwọ̀ ilẹ̀, a ó gbọ̀n ọ́n dànù, a ó tún lẹ òmíràn. Nígbà mìíràn ó ń gba ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tó tẹ̀ wọnú ṣe é gbé dìde. Aṣọ tútù ni a ó tẹ́ lé e, a ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ náà. Okùn inú igi tó fún pọ̀ á mu ooru omi, á wú padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí nǹkan ti gé okùn náà kò ní dìde láéláé. Bàbá béèrè pé ṣé a ò ní ha àpá gígùn kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìbọn náà. Mo ní rárá. A ò mọ ẹni tó dá a síbẹ̀, a ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un kúrò.

Ó wá ku òróró. Òróró linseed, tí wọ́n ń fún láti inú hóró ọ̀gbọ̀, ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fi ń ra igi ìbọn wọn. Òróró yìí kì í gbẹ bí omi. Omi ń fò lọ ni, ṣùgbọ́n òróró yìí ń gba ọ́síjìn mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ á so kọ́ra bí ojú àwọ̀n, á sì le. Kódà á wúwo ju bó ṣe wà lọ. Kì í ṣe gbogbo epo ló lè ṣe èyí. Ẹ fi epo pupa ra igi, ọdún á yípo, yóò ṣì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní òṣùwọ̀n kan fún un, ìyẹn iye ayodíìnì tí epo lè gbà mọ́ra: epo pupa kò ju nǹkan bí 50 lọ, linseed sì sábà máa ń ju 170 lọ. Awùsá tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ńkọ́? Ẹgbẹ́ linseed ni òróró rẹ̀ wà! Ó ń gbẹ, ó ń le, àwọn onímọ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀dà àti fánìṣì. Ó ń dùn mí pé ẹnu nìkan la mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo fẹ́ rí ẹni tí yóò fún òróró awùsá, tí yóò fi ra ìrókò àti apá, tí yóò wá sọ ohun tó rí fún wa.

Fífi òróró linseed ra igi kò le. Díẹ̀ ni kí ẹ bù, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á wọ igi títí ọwọ́ á fi gbóná, kí ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Ó kéré tán, kí ọjọ́ kan kọjá kí ẹ tó tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n àkísà tí ẹ fi nù ún! Bí linseed ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, bí àkísà bá sì wà ní òkìtì, ooru náà kò ríbi gbà jáde, yóò gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 1991, ní Philadelphia, àkísà linseed tí àwọn oníṣẹ́ tó ń tún pákó ara ògiri ṣe fi sílẹ̀ ní àjà 22 ilé One Meridian Plaza gbiná. Panápaná mẹ́ta ló kú. Ẹ tẹ́ àkísà yín sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sómi nínú agolo onídèérí. Mo bẹ̀ yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ bàbá náà gbà wá. Lọ́jọ́ tí a ra òróró kẹta ni lẹ́tà tí ìdọ̀tí ti bò wá hàn kedere lára ìdí ìbọn: S. Bàbá tì í mọ́ èjìká, ó kúrú fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ènìyàn kúkúrú ni bàbá àwọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé fánìṣì wọn padà sí ṣọ́ọ̀bù.