Onídùúró Dà Lọ́jà Orí Fóònù?

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ń fi òwò àti àwùjọ wa ṣe. Èrò mi kò ju ọ̀kan lọ: fóònù lè pe oníbàárà wá, ṣùgbọ́n kò lè ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nídìí iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ Ṣómólú ní Èkó, ìwé títẹ̀. Káàdì ìpè, kàlẹ́ńdà, pósítà àti ìwé ètò ìsìnkú ló ń mówó wọlé nígbà kan. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìpè ìnáwó kì í kan bébà mọ́. Orí WhatsApp ló ń gbà lọ. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ nìkan yóò ní ayélujára ti ba iṣẹ́ atẹ̀wé jẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta ìpara tàbí ẹja gbígbẹ lórí Instagram ń fẹ́ páálí, lébẹ̀ẹ̀lì àti ọ̀rá tó ní orúkọ òwò rẹ̀ lára. Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́? Ṣómólú náà ni. Ohun tó gba káàdì lọ́wọ́ atẹ̀wé ló gbé páálí lé e lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn ẹlẹ́ja: létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, àwòrán ẹja lè bọ́ sórí WhatsApp láàárọ̀, kí oníbàárà ní Ìbàdàn ti sanwó kó tó di ọ̀sán, kí wọ́n sì wéébìlì ẹrù ní gáréèjì.

Ìṣòro rèé. Bí ọjà tí ẹ rà ní ìsọ̀ bá bàjẹ́, ẹ mọ ìyálọ́jà tí ẹ ó fẹjọ́ sùn. Lórí fóònù, ojú ìwé olùtajà lè pòórá mọ́jú. Olùtajà náà kò bọ́: àlááàtì ayédèrú pé owó ti wọlé ti gbé ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ onílẹ̀ ni a pàtẹ sí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa. Ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ìgbésẹ̀ náà kò bófin mu, ṣùgbọ́n oṣù keje ọdún 2022 ni ìdájọ́ dé. Ta ni yóò dá oníbàárà tó ti lọ padà?

Orúkọ àdúgbò pàápàá wà lórí àtẹ. Bàrígà ló bí olórin Olamide, ibẹ̀ náà ni Crown Troupe, ẹgbẹ́ òṣèré ti Segun Adefila, ti gbilẹ̀. Síbẹ̀, fídíò ìjà kan, ìbáà jẹ́ ti ìlú mìíràn, tí wọ́n bá ti kọ “Bàrígà” sí i lára, kíákíá ló ń tàn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Kí òótọ́ ọ̀hún tó dé, oníbàárà ti gba ibòmíràn lọ.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ atẹ̀wé àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja ṣí ojú ìwé tiwọn, kí orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ìsọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà bí wọ́n ti ń ṣe lọ́jà. Kí olùtajà kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé. Kí a tó fi fídíò ránṣẹ́, kí a kọ́kọ́ pe ẹnìkan tó ń gbé ibi tí wọ́n dárúkọ. Àgbà tó mọ ẹni tó ṣeé dúró fún àti ọ̀dọ́ tó mọ fóònù lò ni kí ẹ jọ yàn sídìí iṣẹ́ náà.